Ẹyẹ Onírùngbọ̀n Búlúù ti Bòlífíà

Bí ẹ bá rí i fìrí, ẹ ó ní mákáò, odídẹrẹ́ ńlá aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò tí gbogbo èèyàn mọ̀, ni. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀ dáadáa. Ti ìyẹn dúdú, ti èyí búlúù. Barba azul, irùngbọ̀n búlúù, ni wọ́n ń pè é ní Bòlífíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìyẹ́ wínníwínní fa ìlà sí awọ funfun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìlà ti ẹyọ kan kì í sì í bá ti èkejì mu. Mo lè jókòó ti àwòrán wọn títí, kí n máa fojú yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé láyé: pápá Moxos, ní ìpínlẹ̀ Beni. Èyí tó kù nínú igbó kò tó 500. Àwọn oníṣòwò ẹyẹ ló kó wọn lọ sókè òkun, títí ìjọba fi fòfin dè é lọ́dún 1984. Ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ tó mọ ibi tí ìyókù wà.

Màlúù ni ìṣòro kejì. Èso ọ̀pẹ motacú ni ẹyẹ yìí ń jẹ, inú ihò ara ọ̀pẹ ló sì ń yé sí. Àwọn darandaran a máa dáná sun pápá kí koríko tútù lè hù, màlúù a sì tẹ ọ̀pẹ kéékèèké pa. Ọ̀pẹ àgbà ṣì dúró, ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní kò séwu, bẹ́ẹ̀ èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò sí nílẹ̀.

Armonía, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Bòlífíà, ra ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ náà lọ́dún 2008, wọ́n sọ ọ́ ní Barba Azul. Wọ́n tún ń gbé àpótí igi kọ́ sókè kí àwọn ẹyẹ náà lè rí ibi yé sí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyẹ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwọn Moxeño, ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè náà, ní ijó kan, ijó àwọn machetero. Adé ìyẹ́ gàgàrà ni wọ́n ń dé jó o, ìyẹ́ ìrù mákáò ni wọ́n sì fi ń ṣe é tipẹ́. Àwa tí a mọ ohun tí ìkóódẹ jẹ́ kò gbọdọ̀ sáré dá wọn lẹ́bi. Ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ọ̀ṣọ́ lásán. Ìdí nìyí tí mo fi gba ti Armonía: wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má jó mọ́. Wọ́n bá àwọn oníjó jókòó, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹ́ àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mákáò. Adé ń bẹ lórí, ijó ń lọ, ẹyẹ ò kú.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn olóko màlúù, torí ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ẹyẹ náà ń yé sí ló wà lórí ilẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá lè fi wáyà yí díẹ̀ ká nínú àwọn igbó ọ̀pẹ tó wà láàárín pápá, kí màlúù má rí ibẹ̀ wọ̀, ọ̀pẹ kéékèèké á ráyè dàgbà.