Kíjìpá lára ògiri

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, ìsìnkú ló gbé mi lọ sílé ní Yàgbà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ò sì jẹ́ kí n lè jókòó kọ ọ̀rọ̀ míì.

Lẹ́yìn ìlú wa, lójú ọ̀nà oko, ilé kan wà tí gbogbo ọmọdé máa ń sá fún. Bàbá kan tó ń wo wèrè ló ni ín. Bàbá yẹn ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀ wà l'Ábújá, atẹ́gùn ti ká páánù lọ, igi ti hù láàárín yàrá. Àbà ni wọ́n máa ń kàn mọ́ àwọn aláìsàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ìtì igi ńlá tí wọ́n dá ihò sí láàárín, ẹsẹ̀ èèyàn á wọ inú ihò yẹn, irin á dè é pa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi lo ọdún méjì nínú ilé yẹn. Màmá Àgbà la máa ń pè é. Wọ́n sọ fún àwa ọmọ pé Kàdúná ló wà, mi ò sì gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn àfi ìgbà tí èmi fúnra mi ti bímọ méjì.

Ọmọ àbúrò mi ló wá pè mí pé, "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n kọ sára ilé wèrè." Mo lọ. Péńtì pupa ni, orúkọ òṣèlú kan, nọ́ńbà fóònù, orúkọ àwọn ọmọkùnrin àdúgbò, wọ́n tún ti tọ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá tó jẹ́ tàwọn obìnrin nígbà yẹn. Inú bí mi, mo fẹ́ máa lọ, ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú wíńdò wọlé, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ògiri, àwọn ìlà kan wá yọ lára símẹ́ńtì tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Wọn ò ga rárá, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí wọn dáadáa. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, àlàfo, ìlà méjì tó nípọn, àlàfo, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà míì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ gbọọrọ, bíi pé ìṣó ni wọ́n fi họ ọ́. Ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ò lè dìde lè dé, ibẹ̀ ló mọ.

Ahunṣọ ni Màmá Àgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfì àwọn obìnrin wa, èyí tó máa ń dúró ti ògiri, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ: ìlà aṣọ ni ìlà ara ògiri yẹn.

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìtàn kan tí mo kà lọ́dún tó kọjá ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Ní ìlú Volterra, ní Ítálì, ọsibítù wèrè ńlá kan wà tó jẹ́ pé ìgbà kan wà tí èèyàn inú ẹ̀ ju 4,000 lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oreste Fernando Nannetti, ọmọ Róòmù tí wọ́n bí ní 1927, dé ibẹ̀ ní 1958. Irin kékeré tí wọ́n fi ń fún ẹ̀wù yúnífọ́ọ̀mù wọn mọ́ra ló bọ́ tó fi ń họ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára ògiri àgbàlá, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí, ó ń kọ ọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi gùn tó 180 mítà. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ rèé: àwọn aláìsàn kan máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri yẹn tí wọn kì í mira rárá, Nannetti ò sì lé wọn dìde, ṣe ló kọ̀wé yí orí wọn ká, ó fi àyè orí wọn sílẹ̀ lófìfo. Nọ́ọ̀sì kan, Aldo Trafeli, ló máa ń bá a sọ̀rọ̀, òun ló jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Òfin 180 ti ìjọba Ítálì, ti ọdún 1978, ló ní kí wọ́n máa ti irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ pa. Nannetti kú ní 1994. Ilé yẹn di ahoro, òjò ń pa á, símẹ́ńtì ń já bọ́, wọ́n ti gé díẹ̀ lára ògiri yẹn lọ tọ́jú kó má bàa parẹ́ tán.

Ní Amẹ́ríkà náà, nígbà tí wọ́n ti ọsibítù wèrè Willard pa ní 1995, àpótí ẹrù àwọn aláìsàn tó lé ní 400 ni wọ́n bá lókè àjà. Wọ́n kó o pamọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù. Tiwa dà?

Mi ò fẹ́ sọ pé gbogbo oníṣègùn wa ló burú o. Dókítà Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Áàrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ilé àwọn ará abúlé ló ń fi aláìsàn sí, ẹbí kan á tẹ̀ lé e wá, á máa se oúnjẹ fún un, tó bá ti gba ìtọ́jú tán lọ́sàn-án á padà sáàárín èèyàn. Kò sí àbà níbẹ̀. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni ò gbé Màmá Àgbà lọ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó kun péńtì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn ti bí mi nínú, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn? Àwa la ní Kàdúná ló wà. Àwa la kọ́kọ́ pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo mú màmá mi lọ síbẹ̀, níwọ̀n aago márùn-ún, kí oòrùn lè wà níbi tó wà lánàá. Wọn ò tíì wọ ilé yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n wọn jáde. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ìlà yẹn lọ díẹ̀díẹ̀. "Aró nìyí. Aró. Funfun. Pupa rèé." Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ o, símẹ́ńtì lásán ni. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó àwọn ni, òun ló wà lórí òfì lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú ẹ̀gbọ́n wọn, kò hun ún tán. Wọ́n tún ń fi ìka kà á lọ títí ọwọ́ wọn fi kan péńtì pupa yẹn, wọ́n sì dúró.

Mo ti ya fọ́tò 43. Àwọn ọmọ onílé ní àwọn máa wó o kí Kérésì tó dé, mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ nǹkan tó ń yọ péńtì láìbá símẹ́ńtì jẹ́, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀ kíákíá.