Orúnkún ni, kì í ṣe ọrùn: 2025 tèmi rèé

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń kọ àyẹ̀wò ọdún tiẹ̀ báyìí, èmi náà fẹ́ kọ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù màmi ní Àjàrá ni mo jókòó sí, Badagry níbí, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún létí mi, iná ò sí láti àná ṣùgbọ́n fóònù mi ṣì ní bátìrì díẹ̀.

Lóṣù December tó kọjá mo kọ nǹkan mẹ́ta sẹ́yìn ìwé biology mi: kí n pàs WAEC, kí n wọ yunifásítì, kí n má jó níwájú èèyàn mọ́ láyé mi. Àkọ́kọ́ ti ṣẹ, mo ní kírẹ́díìtì mẹ́fà, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ìkejì ò tíì ṣẹ, ilé-ìwé tí mo yàn ò mú mi, ó dùn mí, mo sunkún, màá tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìkẹta ni mo fẹ́ sọ, torí inú mi dùn gan-an pé kò ṣẹ.

Mo ga. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí ní 2020 tí wọ́n ti ilé-ìwé pa torí Kòrónà, ìgbà tá a fi máa wọlé padà mo ti ga ju tíṣà wa lọ, yúnífọ́ọ̀mù mi ò kan orúnkún mọ́, làwọn ọmọ kíláàsì bá ń pè mí ní òpó iná. Àwọn àgbàlagbà gan-an ò jẹ́ kó rọrùn, wọ́n á ní "ọmọ yìí, ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí", wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá lọ, èmi ni màá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká èjìká síwájú nìyẹn, tí mo ń fa ọrùn wọnú bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi rìn bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2020 yẹn náà ni fídíò ọmọkùnrin kan jáde, nínú òjò ló ti ń jó ballet, kò wọ bàtà, ilẹ̀ tutù, gbogbo ayé ló rí i. Ìgbà tí mo gbọ́ pé Ajangbadi ni wọ́n ti yà á, mo wò ó títí dátà màmi fi tán. Ajangbadi o! Lójú ọ̀nà wa níbí náà. Látìgbà yẹn, tí gbogbo ilé bá ti sùn, màá ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, màá máa jó láìsí orin, ẹsẹ̀ mi nìkan ni mò ń gbọ́. Nínú kíṣìnì yẹn, gíga mi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Níbi ìgbéyàwó ìbátan wa kan lọ́dún tó kọjá ni mo ti gbàgbé ara mi. Onígángan pè mí, mo jáde, mo jó. Ẹnì kan yà á, ó gbé e sórí status pẹ̀lú ẹ̀rín oríṣiríṣi. Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ibi tí ìlérí ẹ̀yìn ìwé yẹn ti wá.

Lóṣù February ọ̀rẹ́ mi fà mí lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan, Ègùn ni wọ́n, wọ́n máa ń kọ́ àwa ọmọbìnrin níjó bàtá nírọ̀lẹ́ Sátidé, lórí yanrìn létí ọ̀sà. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Lọ́jọ́ yẹn a ò jó rárá, ìdúró nìkan ni wọ́n fi nǹkan bíi wákàtí kan kọ́ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó bàtá mọ̀ ọ́n: orúnkún á dẹ̀, ìbàdí á lọ sẹ́yìn, àyà á tẹ̀ síwájú láti ìdí wá, àmọ́ orí ò ní wálẹ̀, ojú á máa wo iwájú. Tí orúnkún bá le, ẹ̀yìn ló máa jìyà ẹ̀. Mo ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ni àǹtí bá wá sẹ́yìn mi, wọ́n fi ìka méjì gbá mi lọ́rùn pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "Ìwọ, orúnkún ni mo ní kó o dẹ̀, mi ò ní kó o tẹ ọrùn ba. Gbèsè ta lo jẹ?"

Mi ò lè dáhùn. Mo délé mi ò lè jẹun. Torí òótọ́ ni, láti kékeré la ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, orúnkún la fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, kò sẹ́ni tó ní kí n fi ọrùn bẹ ayé pé kó má bínú pé mo ga, èmi ni mo gbé e lé ara mi lórí. Oṣù méjì gbáko ló gbà mí kí orúnkún tó gbọ́ràn, itan mi á máa gbọ̀n, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ láàárọ̀ Sunday, ṣùgbọ́n bí orúnkún ṣe ń rọ̀ ni ọrùn ń gòkè fúnra ẹ̀.

Wọn ò kọ́ wa ní sato o, wọ́n ní ìyẹn ní àwọn tó ni ín. Ẹni tí ò bá mọ sato, ìlù àwọn Ègùn ni, ó ga ju èèyàn lọ, orí ìdúró ni wọ́n máa ń wà lù ú, wọ́n á sì máa jó yí i ká. Mo rí i rí nígbà tí mo kéré, orí èjìká bàbá mi ni mo wà tí mo ti ń wò ó. Àǹtí ní, "Ṣé wọ́n gé e kúrú kí ọwọ́ lè tó o ni? Àwọn tó ń lù ú ló ń nàgà."

Màmi ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bàtá, ṣé kì í ṣe ti Ṣàngó ni. A jà sí i gan-an, mi ò purọ́, wọ́n sì dá mi dúró nílé ní gbogbo àsìkò WAEC, ìyẹn tọ́, mo gbà. Ti Ṣàngó yẹn ni mi ò gbà, mi ò sì tíì gbà títí di òní. Lóṣù October wọ́n pè wá síbi ìnáwó kan, àwa mẹ́jọ, àǹtí fi mí sáàárín níwájú. Mo ṣi ẹsẹ̀ kan gbé, mi ò dúró, mi ò wolẹ̀. Wọ́n fún wa ní 5,000 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo kó 3,000 fún màmi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ká a sínú Bíbélì wọn.

Màmi ló ń rán aṣọ Kérésì mi lọ́dọọdún, wọn kì í wọ̀n mí mọ́, inú ìwé ni wọ́n ti ń wo nọ́ńbà mi. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí mo gbé ti ọdún yìí wọ̀, etí ẹ̀ sá sókè níwájú. Wọ́n ní, "O tún ga sí i ni?" Mo ní rárá. Wọ́n fa téèpù láti èjìká mi dé kókósẹ̀, wọ́n tún un fà, ínṣì méjì ló fi lé. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ìwé, wọ́n yọ pẹ́ńsù létí wọn, wọ́n fagi lé ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ tuntun. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ kí àwọn tú etí ẹ̀ sílẹ̀.