Pfaffenweiler àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Èmi kì í mu wáìnì, síbẹ̀ mo fẹ́ràn Pfaffenweiler. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Freiburg, ní gúúsù Jámánì, ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Abúlé kékeré ni, oko àjàrà ló yí i ká, Gutedel sì ni irú àjàrà tí wọ́n fi ń mọ agbègbè náà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí nǹkan le koko, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n forí lé Jasper ní ìpínlẹ̀ Indiana. Joseph Kundek, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Croatia, ti dé ibẹ̀ láti 1838, ó sì ń pe àwọn ará Jámánì pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ọdún 1985 ni ìlú méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láti di ìlú ọ̀rẹ́ ara wọn. Ká sòótọ́, irú àdéhùn báyìí sábà máa ń parí sára pátákó ẹnu ibodè àti fọ́tò àwọn olórí ìlú. Tiwọn yàtọ̀ lójú mi: ẹbí ló ń wá ẹbí.

Lóṣù kẹjọ, Jasper máa ń ṣe ayẹyẹ Strassenfest ní ìgboro. Àmọ́ àjàrà kọ́ ni wọ́n fi lókìkí níbẹ̀ o, iṣẹ́ àga àti tábìlì ni.