Kẹ́ ẹ tó ra jíìpù tó máa fa caravan, ẹ wo ìwọ̀n ná

Látìgbà tójú ọjọ́ ti ń móoru díẹ̀díẹ̀ níbí làwọn èèyàn wa ní Leeds àti Bradford ti ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ caravan, ìyẹn ilé onítáyà tí ọkọ̀ máa ń fà lọ síbi ìgbafẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé a máa ń fa tiwa lọ sí Wales àti Lake District táwọn ọmọ bá ti gba hólídè. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni "Ẹ̀gbọ́n, jíìpù wo ni kí n rà?" Èmi náà á ní, caravan rẹ ńkọ́, kílò mélòó ni? Ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fà ná kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀ tó máa fà á.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn caravan, wọ́n lẹ nǹkan pélébé kan tí wọ́n kọ MTPLM sí. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí caravan yẹn ò gbọ́dọ̀ kọjá tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo ẹrù sínú ẹ̀ tán, gáàsì, omi, aṣọ, kúlà, ìkòkò ọbẹ̀, gbogbo ẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, ẹ má fi ìwọ̀n tó ṣófo táwọn tó ń tà á máa ń sọ ṣírò o. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá kerbweight ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ìyẹn ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra ẹ̀ láìsí èrò àti ẹrù. Ìmọ̀ràn táwọn ẹgbẹ́ oní-caravan ní UK ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé kí MTPLM má kọjá 85% kerbweight ọkọ̀. Kì í ṣe òfin o, ṣùgbọ́n èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó kọjá ẹ̀. Tí caravan yín bá jẹ́ 1,500kg, ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ tó bíi 1,765kg, ìdí nìyẹn tọ́pọ̀ èèyàn fi ń bọ́ sórí jíìpù, torí jíìpù wúwo. Tí lọ́rì ńlá bá gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá lórí M62, lókè Windy Hill níbi tí motorway ti ga jù ní gbogbo England (372m ni), tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ gan-an, caravan á fẹ́ máa ju ìdí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, àfi ọkọ̀ tó wúwo ló lè dúró fún un. Tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bẹ́ẹ̀, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di sítíárìn mú kó dúró gbọin, ẹ má tẹ bíréèkì gbì.

Ibòmíì táwọn èèyàn kì í wò nìyí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ wo òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn, tẹ́ ò bá rí i níbẹ̀ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí páálí kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí lókè sísàlẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ nìkan lè jẹ́ pẹ̀lú èrò àti ẹrù, èkejì ni ti ọkọ̀ pẹ̀lú ohun tó ń fà. Ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, ká ní èkejì jẹ́ 5,000kg tí àkọ́kọ́ jẹ́ 2,600kg, á jẹ́ pé 2,400kg lọkọ̀ yẹn lè fà tóun náà bá kún. Tí nọ́ńbà èkejì yẹn ò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ ṣọpẹ́ fún ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ máa lọ, torí wọn ò ṣe ọkọ̀ yẹn fún nǹkan fífà.

Ẹ má sì gba orúkọ gbọ́. Kia Sorento tuntun tí wọ́n ń tà ní UK, ti dísù máa ń fa 2,500kg, háíbíríìdì tí kò ní wáyà jẹ́ 1,650kg, èyí tẹ́ ẹ ń ki wáyà bọ̀ jẹ́ 1,500kg. Orúkọ kan náà, ara kan náà, wọ́n jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹni tó bá kàn sanwó torí pé ẹnì kan ní "Sorento lágbára" lè gbé èyí tí kò lè fa caravan ẹ̀ wálé.

Ohun míì tún ni pé iye tí kọ́ńpìnnì kọ sílẹ̀ pé ọkọ̀ lè fà, ohun tí wọ́n fi ń dán an wò ni bóyá ó lè gbéra láti ìdúró lórí òkè tó dagun tó nǹkan bíi 12%. Kò sọ fún yín bó ṣe máa rí ní 60 máìlì ní wákàtí kan lórí motorway, tó jẹ́ ibi tí òfin fi mọ fún ẹni tó ń fa caravan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ wo méjèèjì, 85% yẹn àti iye tí ọkọ̀ lè fà.

Noseweight náà ńkọ́? Ìyẹn ni bí iwájú caravan ṣe ń tẹ towball mọ́lẹ̀, irin roboto ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi caravan kọ́. 5 sí 7% ìwọ̀n caravan ló máa ń dáa, fún ti 1,500kg, 75 sí 105kg nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò gbà ju 100kg lọ. Tiwa, a máa ń fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara ní báfùróòmù wọ̀n ọ́n: a gbé pákó kékeré tí ìyàwó mi gé sórí ẹ̀, a wá rọra gbé ìkọ́ caravan lé e, kí caravan wà ní déédéé. Tó bá fúyẹ́ jù, a gbé ẹrù síwájú, tó bá wúwo jù a gbé e padà sí àárín, níbi tí táyà caravan wà. Ìwọ̀n yẹn náà wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé o, ẹ má gbàgbé.

Ní ti kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà, ibi tí mo ti rí i pé ó wúlò jù ni pápá koríko tó ti tutù. Lẹ́yìn òjò àárọ̀ ní Wales, ẹ máa rí ọkọ̀ tí táyà iwájú nìkan ń fà, táyà ń yí lásán, ẹrẹ̀ ń fọ́n síbi gbogbo, wọ́n á sì máa wá ẹni tó ní katakata. Ìdí ni pé caravan ti tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, iwájú wá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n táyà ló ń kan ilẹ̀, táyà tó ti lọ kò ní ran four-wheel lọ́wọ́, all-season lèmi máa ń lò. Four-wheel ò sì ní mú kí bíréèkì yára mú. Àwọn pickup bíi Hilux, èyí tẹ́ ẹ máa fi lẹ́fà tàbí bọ́tìnnì tan four-wheel ẹ̀, ẹ má tàn án lórí títì gbígbẹ, jíà rẹ̀ máa jìyà. Land Cruiser ò ní wàhálà yẹn, ìgbà gbogbo ni tiẹ̀ ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ yẹ ULEZ wò, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ pọ̀ jù. Láti 29 August 2023 ló ti kárí gbogbo Greater London, £12.50 lójúmọ́, dísù tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú September 2015 ò sábà yege. Tó bá sì jẹ́ iléèwé àwọn ọmọ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ ń wà á lọ láàárín ọ̀sẹ̀, fílítà tó ń gba èéfín ẹ̀ máa dí, dísù ń fẹ́ ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tó ń lo mànàmáná náà ń fa caravan o, àmọ́ ibi tó lè dé máa ń dín kù gan-an, sí nǹkan bí ìdajì nígbà míì.

Tó bá jẹ́ tokunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wo ìtàn MOT ẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, lórí GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà kí wọ́n sì lọ bákan náà, torí tí wọn ò bá dọ́gba ohun tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn ló máa fara gbá a. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà, ẹ ní kí wọ́n fi rísíìtì hàn yín, torí ọkọ̀ tó ti fa nǹkan rí, jíà ẹ̀ ti gbóná rí. Towbar, ìyẹn irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tí caravan ń so mọ́, tí kò bá sì ní wáyà tiẹ̀ gan-an, tó jẹ́ èyí tí wọ́n kàn so mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè má mọ̀ pé caravan wà lẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú, ìdílé tó ní caravan tí kò ju 1,500kg lọ, Sorento dísù tó jẹ́ four-wheel ni màá ní kí wọ́n rà. Tó bá ti ń sún mọ́ 2,000kg, Touareg, Land Cruiser, tàbí Rexton (SsangYong ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, KGM ni báyìí) tí owó ẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì ń fa 3,500kg. Láísẹ́ǹsì ò tún ní dí yín lọ́wọ́ mọ́, láti 16 December 2021 ẹni tó yege láti 1 January 1997 náà lè fa tó 3,500kg láìṣe ìdánwò míì. Àmọ́ ẹ sanwó kí ẹnì kan kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi caravan rífáàsì kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì yẹra fún Sutton Bank ní A170 tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Scarborough, wọn ò gba caravan láyè níbẹ̀.