Ọmọlángidi àgbàdo tí mo fi dójú ti ara mi

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́fà kan la ẹnu rẹ̀ ní Kàbà, ó wí fún mi pé "gé e", inú mi sì ń dùn títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìtìjú tó ṣáájú ayọ̀ náà ni mo fẹ́ kí àwa tí a ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọdé gbọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ìwé òkèèrè ń kọ́ wa kún fún òjò dídì tí ọmọ ilẹ̀ Òkun (ilẹ̀ Yorùbá ìhà Kàbà níbí) kò rí rí, nítorí náà ohun tí àkókò bá mú wá ni mo máa ń lò. Ní oṣù Keje, mo ní kí a fi èèpo àgbàdo ṣe ọmọlángidi. Ọmọ náà kì í gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè, "dé" ni "gé" máa ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ (a ti yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ dáadáa), èrò mi sì ni pé kí ó máa sọ "gé e" kí n tó fi àlùmọ́gàjí kan èèpo.

Mo gé, mo so ọrùn, mo fi irun àgbàdo ṣe irun orí. Bí ó bá ti wí pé "dé e", màá ti gé e, nítorí mo mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, aago sì ń lọ. Èmi náà ni mo ń ṣàlàyé bí èèpo tútù ṣe ń rọ̀ tí gbígbẹ sì ń ya. Nígbà tí a parí, ó rẹwà débi pé mo gbé e fún ìyá àgbà tó mú ọmọ wá. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ mi, nínú ìwọ àti ọmọ yìí, ta ni mo mú wá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ?" Wọ́n kí mi ní "Òkun o", wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ọmọ náà kò bojú wo ọmọlángidi yẹn. Tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí a panu mọ́. Èkejì ni pé kí a má ṣe gé ohun tí ọmọ kò tíì ní kí a gé, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n òun ló dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n padà wá, bí ó bá sọ pé "dé e", mo ń dé fìlà èèpo lé ọmọlángidi lórí. Mi ò fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tí ó sọ gan-an ni mo ṣe. Fìlà mẹ́rin ti wà lórí ẹyọ kan kí ó tó fura pé ẹnu òun ló fà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, "gé" jáde.

"Kó" ló kù, "tó" ni òun ń pè é. Mo ti bẹ ìyá àgbà pé bí ọyẹ́ bá dé, kí wọ́n máa bá mi tọ́jú kóró àgbálùmọ̀.