Ọdún tí alùpùpù mi dọ̀bálẹ̀

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ilé. Mo jókòó láti ṣírò ọdún yìí bí mo ṣe máa ń ṣe, oṣù kẹjọ nìkan ni mo rí. Nínú àwọn tó kù, mo lọ síṣẹ́, mo san owó ilé, mo kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó tán. Oṣù kẹta wà níbẹ̀ náà, a máa dé ibẹ̀, bóyá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé Sájì, ọ̀rẹ́ mi, ló tì mí wọ American Legion Riders, ẹ̀ka àwọn tó ń gun alùpùpù nínú American Legion, ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Mo ní mo ti bọ́ aṣọ sójà, kí ni mo tún ń wá láàárín àwọn bàbá onírùngbọ̀n? Ó ní kí n ṣáà wá jẹun. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé a máa jọ gun alùpùpù lọ sí Sturgis lọ́jọ́ kan.

Ìlú kékeré ni Sturgis, lẹ́bàá àwọn òkè Black Hills ní South Dakota. Àwọn ará ibẹ̀ ò ju bí 7,000 lọ, ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kẹjọ, alùpùpù á bo ìlú bí eéṣú. Ọdún 1938 ni ẹgbẹ́ alùpùpù Jackpine Gypsies ti bẹ̀rẹ̀ àpéjọ yìí bí eré ìje lásán. Ní 2015, àwọn tó wá lé ní 700,000. Ariwo ibẹ̀, inú eegun lèèyàn ti ń gbọ́ ọ. Òfin ò sì fi dandan lé àṣíborí fẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18, ni gbogbo àgbà bá tú orí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Èmi ò ṣí tèmi. Màámi, tí wọ́n ṣì ń pè é ní ọ̀kadà, tí wọ́n sì ń bi mí bóyá mo ti ń gbé èrò, máa gbọ́.

Láti Minnesota, bí 600 máìlì ni. A yà ní ṣọ́ọ̀bù Wall Drug, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní kọfí àti dónọ́ọ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jẹ méjì, tèmi àti ti Sájì. Èmi pè é ní ìrántí. Ìyá Ìbejì ní ọ̀kánjúwà ni.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní ọ̀gá àgbà Legion fún gbogbo Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá kí àwa Riders. Ọdún kan péré ni wọ́n ń lò lórí oyè, ìgbẹ̀yìn oṣù kẹjọ ni wọ́n sì sábà máa ń yan òmíràn, nítorí náà ọkùnrin yìí ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo rò pé á ya fọ́tò, á lọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀, fìlà ẹgbẹ́ lórí, òógùn ti rin ọrùn ẹ̀wù ẹ̀, ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kàn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lára alùpùpù. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: mo rágbà, ẹ̀yìn mi tẹ̀ fúnra ẹ̀, ọwọ́ mi ń wá ilẹ̀. Gbàgà! Alùpùpù bá mi dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ rántí Yorùbá kan ṣoṣo tí Sájì gbọ́. Torí ìgbàgbé mi yìí ni mo ṣe kọ́ ọ ní "ẹsẹ̀", àmọ́ eyín àtọwọ́dá ẹnu ẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Gbogbo ibi tá a bá ti fẹ́ dúró, á máa lọgun lẹ́yìn mi, "Ẹ̀ṣẹ̀! Ẹ̀ṣẹ̀!" bí ajíhìnrere inú ọjà.

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lọgun.

Sájì pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta. Mò ń wo bọ́ọ̀lù, mo ní màá pè é padà tó bá dalẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó ẹ̀ ló pè. Ó ní… Ẹ jẹ́ ká padà sí Sturgis jàre, alùpùpù ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ti ki fìlà bọ àpò, ó di ọwọ́ alùpùpù mú, èmi di ìdí mú, a gbé e. Bẹntiróò ta sí i ní bàtà. Digí òsì ti lọ. Ló bá rí ẹ̀wù awọ tí mo dì mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, tó tóbi jù mí lọ fíìfíì. Ó ní ta ló ni ín. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, sà, kò ráyè wá. Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní dáadáa ni mo wà. Ó dúró díẹ̀, ó tún béèrè. Mo ní digí nìkan ló fọ́, sà.

Lálẹ́, ó bá wa sọ̀rọ̀ lórí Be the One, ètò tí ẹgbẹ́ ń ṣe kí àwọn tiwa má baà máa gba ẹ̀mí ara wọn. Ó ní ká máa béèrè lọ́wọ́ ara wa, ká má sì fi ìdáhùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ka nọ́ńbà tí ajagunfẹ̀yìntì tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wá sí lọ́kàn lè pè: 988, lẹ́yìn náà 1. Mo ti mọ̀ ọ́n lórí tẹ́lẹ̀. Sájì ló kọ́ mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì tó sanwó digí láì sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ kejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí lóṣù kẹrin tí mi ò gbé e. Mo ti ń gbé e báyìí, kódà ti àwọn tó ń ta ìwé adójútòfò.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, bí Ìyá Ìbejì náà bá fẹ́, màá tún lọ. Oòrùn ibẹ̀ máa ń mú ọ̀dà títì rọ̀, kí ẹsẹ̀ alùpùpù má baà rì, wọ́n máa ń tẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ̀. Mo ti ra tèmi. Mo fi ọ̀dà funfun kọ "Ẹ̀ṣẹ̀" gàdàgbà sí i lára. Ìyá Ìbejì bá a lórí tábìlì ìjẹun, ó ní ṣé ìjọ ni mo fẹ́ dá sílẹ̀.