Ọ̀nà pákó tó ń yọ̀: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọjọ́ kìíní. Mo ṣubú lórí ọ̀nà pákó, bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbé garawa dání, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìdí balẹ̀. Garawa fọ́, èmi ò fọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé pákó ló dán jù. Nígbà tí mo fi èékánná ha á, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bí ilá ló bá èékánná wá. Ibi tí oòrùn ń pa ò ní in, abẹ́ igi nìkan ni. Wọ́n gbẹ́ ìlà gbọọrọ sára pákó náà, pé kò ní jẹ́ kó yọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ ni ìlà náà ń lọ. Kí ló fẹ́ dá dúró?

Ọjọ́ kẹta. Ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì líle. N ò lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, torí irun rẹ̀ máa ń ṣẹ́ sínú pákó, á sì dípẹtà níbẹ̀. Mo yá ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, mo dán an wò lára àjákù pákó. Ó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara pákó họ, ó rí wúruwùru, ibùgbé tó dùn nìyẹn sì jẹ́ fún ìdọ̀tí. Mo dá ẹ̀rọ náà padà. Àlàfo àárín pákó ló jẹ àkókò mi jù: ewé jíjẹrà ti dí i, omi ò ríbi jò sí. Ọ̀bẹ àtijọ́ ni mo fi ń yọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, títí orúnkún fi bẹ̀ mí. Mo gé ẹ̀ka tó ṣíji bò ó náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì. Mo kánjú kun ọ̀dà nígbà tí inú pákó ṣì tutù. Kò pẹ́ tó fi ń bó bí awọ ejò. Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo kán omi sí pákó, ó fà á mu kíá. Ó ti gbẹ. Mo kun ọ̀dà, mo wọ́n iyanrìn gbígbẹ tí mo ti jọ̀ sórí rẹ̀ kó tó gbẹ. (Ẹ má pò ó mọ́ ọ̀dà nínú agolo, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ sí.) Lọ́jọ́ kejì mo gbá èyí tí kò lẹ̀ kúrò, mo tún kun ọ̀dà lé e. Níbi tó dagẹ̀rẹ̀, mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdábùú.

Òjò rọ̀ lánàá. Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀, ẹsẹ̀ dúró. Àfi pákó kan ní kọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà, tí mo gbàgbé láti wọ́n iyanrìn sí. Ó kù díẹ̀ kó tún gbé mi ṣubú.